Kí owó ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò ńlá tó kúrò lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a fi awọ ara wa àti aṣọ wa dán an wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ àwa tí a ń fi títẹ fọ́tò jẹun lọ́kàn, tó sì kan gbogbo ẹni tó ti gbé fọ́tò ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rí pé kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di ńlá. Ọ̀rọ̀ náà ni bí a ṣe ń dán ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò ńlá wò kí a tó rà á, àti kí a tó gbé iṣẹ́ oníbàárà lé e lọ́wọ́. Ìdánwò tí wọ́n ń fi àwòrán tó bá ẹ̀rọ wá láti òkè òkun ṣe kò tó fún wa. Ẹ̀rọ tó bá máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ojú àwa fúnra wa, aṣọ tí à ń wọ̀, iná tí à ń lò àti ojú ọjọ́ wa ni ó yẹ kí a fi dán an wò, kí ẹni tó fẹ́ rà á sì dúró tì í títí ìdánwò náà yóò fi parí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ẹ̀rọ tí mo ń sọ, torí pé bí a bá ti dárúkọ large format ní Ṣómólú tàbí ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, flex ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ sí, ìyẹn bánà tí wọ́n ń gbé kọ́ síta níbi ìsìnkú àgbà, níbi ìdúpẹ́ àti nígbà ìpolongo ìbò. Èyí tí mo ń sọ yàtọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò sórí pépà àtàtà tàbí kánfáàsì ni, èyí tí a óò fi sí fèrèmù, tí a óò gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, gbọ̀ngàn tàbí ilé àfihàn, tí èèyàn yóò sì súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò lè ka irun ìpéǹpéjú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tó fẹ̀ ní íǹṣì 44, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 112. Àwọn ńlá inú wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Canon imagePROGRAF PRO-6000 ń gba pépà tó fẹ̀ ní íǹṣì 60, Epson SureColor P20000 sì ń gba ti íǹṣì 64, èyí tó lé ní mítà kan àtààbọ̀. Róòlù ni pépà wọn, nítorí náà gígùn àwòrán lè jẹ́ mítà méjì, ó lè jẹ́ mítà mẹ́ta. Oríṣi yíǹkì 12 ni ti Canon yìí ń lò, Epson yẹn ń lo 10, ike yíǹkì kan ṣoṣo sì lè gba mílílítà 700. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ dé, yíǹkì tí yóò kún inú rọ́bà tó ń gbé e lọ sí orí ẹ̀rọ, ìyẹn apá tó ń fọ́n yíǹkì sórí pépà, nìkan kì í ṣe díẹ̀. Owó ilé kíkọ́ ni ẹlòmíràn ń kó lé e.

Bí wọ́n ṣe máa ń ta ẹ̀rọ yìí fún ni ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀. Wọn yóò ní kí ẹ wá sí ibi tí wọ́n to ẹ̀rọ sí, yàrá náà yóò tutù nini, wọn yóò sì tẹ àwòrán kan tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn tẹ́lẹ̀: ẹyẹ òkèèrè aláwọ̀ mèremère, èso inú abọ́, etí òkun nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tàbí ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń rẹ́rìn-ín. Àwòrán náà yóò jáde, yóò máa dán, ẹnu yóò sì ya gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ bí ìyẹ́ ẹyẹ náà ṣe pọ́n tó gan-an? Bí ẹ̀rọ bá fi pupa kún un tàbí tó yọ pupa kúrò, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ojú ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá wo fọ́tò ìyá rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìyá òun kọ́ nìyí, bí kò bá tilẹ̀ lè sọ ohun tó yí padà. Ibi tí iṣẹ́ sì ti le jù fún ẹ̀rọ ni ibi tí àwọ̀ ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, tí àwọ̀ ilẹ̀ ń wọnú dúdú lọ, níbi tí yíǹkì tó pọ̀ jù díẹ̀ ti lè bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ojú èèyàn dúdú wà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò wa ra ẹ̀rọ oní-íǹṣì 44 kan lẹ́yìn irú àfihàn bẹ́ẹ̀. Lára iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé jáde ni fọ́tò ìyàwó kan tí Ọlọ́run fi awọ dúdú tó jọ̀lọ̀ jíǹkí. Nínú kọ̀ǹpútà, èèyàn ń rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ po, ó ń rí ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó sì ń rí irun iwájú orí níbi tó ti yọ lábẹ́ gèlè. Lórí pépà, àgbọ̀n àti ọrùn ti di ọ̀kan náà, irun ti wọnú iwájú orí, gbogbo ibi tó yẹ kó dán sì ti ní pupa kan tí kò sí lára ọmọ náà. Àwọn tó ta ẹ̀rọ fún un ní ayàwòrán ni kò mọ iná tàn. Ayàwòrán mọ iná tàn. Mo rí fáìlì náà. Ẹ̀rọ náà pàápàá kò ní àléébù. Profile ni wàhálà wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yíǹkì yóò ṣe pọ̀ tó fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí irú pépà kan. Ti pépà mìíràn ni wọ́n fi sí i, kò sì sí ohunkóhun nínú àwọn àwòrán àfihàn wọn tí ì bá tú àṣírí rẹ̀. Ká ní wọ́n tẹ ojú èèyàn dúdú kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni à bá ti mọ̀.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ fíìmù ni gbogbo ayé ń lò, Kodak máa ń fi káàdì ìdánwò ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò kí wọ́n lè máa fi tún àwọ̀ ẹ̀rọ wọn ṣe. Àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n sì ń pe káàdì náà, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ń pààrọ̀ obìnrin tó wà lórí rẹ̀. Bí awọ ara Shirley bá ti jáde dáadáa, wọn á ní ẹ̀rọ ti pé. Lójú fíìmù ayé ìgbà náà, bí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun bá jọ jókòó nínú fọ́tò kan, ti funfun á hàn kedere, ojú ti dúdú á sì ṣókùnkùn. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé lára àwọn tí ẹ̀hónú wọn mú kí Kodak tún fíìmù ṣe, kó lè gbé àwọ̀ ilẹ̀ dáadáa, ni àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, tí ọjà wọn kò hàn bó ṣe yẹ nínú fọ́tò ìpolówó. Ó di àárín àwọn ọdún 1990 kí Kodak tó ṣe káàdì tí obìnrin funfun, obìnrin dúdú àti obìnrin ará Éṣíà jọ wà lórí rẹ̀.

Àwọn ohun èlò òde òní náà kò tíì bọ́ pátápátá nínú rẹ̀. Pátákó àwọ̀ ColorChecker, tó ti wà láti 1976 tí a ṣì ń lò títí di òní, ní àwọ̀ 24 lórí. Méjì péré nínú wọn ló dúró fún awọ ara ènìyàn, èyí tí wọ́n sì pè ní awọ dúdú níbẹ̀ kò dúdú tó awọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọjá ní Ojúẹlẹ́gbà láàárọ̀. Ní 2022, Google gbé òdiwọ̀n awọ ara kan jáde tó ní ìpele 10, tí Ellis Monk, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Yunifásítì Harvard, ṣe, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n àpótí àwọ̀ lásán kì í ṣe ojú. Kò ní òógùn, kò ní ìpara, kò ní ilà, kò sì wé gèlè.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀gá kan tó ní sítúdíò fẹ́ ra ẹ̀rọ oní-íǹṣì 60, ó sì ní kí n wá bá òun dá sí i kí òun tó san owó tó kù. Mo sọ fún un pé àwòrán tiwa ni a óò kó lọ. A to àwọn fọ́tò pọ̀ sórí ojú ewé kan ṣoṣo, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó wà nínú wọn: ìyá àgbàlagbà kan tó kọ àbàjà, tí wọ́n yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láìtan iná, ìyàwó tó wọ léèsì funfun, ọmọ pupa àti ọmọ dúdú tí wọ́n fẹnu kan ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, bàbá kan tó wọ agbádá funfun tí fìlà rẹ̀ sì ṣíji bo ojú kan, adìrẹ ẹlẹ́kọ, àti aṣọ òkè oríṣi mẹ́ta. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni a fi ọ̀pá àwọ̀ eérú sí, tó bẹ̀rẹ̀ láti funfun, tó ń lọ ní ìpele-ìpele títí tó fi di dúdú kirikiri.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí aṣọ òkè, torí pé n kò tíì rí pátákó àwọ̀ òkèèrè kankan tó dán ẹ̀rọ wò tó o. Aró dúdú ni ẹtù, tí fọ́nrán tín-ín-rín tó mọ́lẹ̀ là kọjá lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá ní agbára nínú òkùnkùn yóò sọ ẹtù di aṣọ dúdú lásán, tàbí kó sọ aró náà di àwọ̀ àlùkò, èyí tí a mọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bó bá kan búlúù jíjìn. Bí ìtò yíǹkì rẹ̀ kò bá sì dọ́gba, fọ́nrán tín-ín-rín náà ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, torí pé yóò já níbì kan, yóò sì wú níbòmíràn. Sányán kò ní àwọ̀ tó ń pariwo. Àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, àwọ̀ òwú sẹ́dà inú igbó gan-an, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá ti fi pupa tàbí àwọ̀ ewé díẹ̀ kún un, ojú tó bá mọ sányán ti rí i. Ní ti àlàárì, pupa rẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí pépà mìíràn kò lè gbé e. Yóò kàn di pupa pẹlẹbẹ, ìhun òwú yóò sì pòórá. Canon tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní yíǹkì pupa àti yíǹkì búlúù lọ́tọ̀, Epson yẹn kò ní ìyẹn, ṣùgbọ́n ó pín dúdú sí ìpele láti dúdú dé eérú fífẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó jẹ́ aṣọ ìgbéyàwó ni iṣẹ́ rẹ̀ lè wo ìhà kan, ẹni tó jẹ́ fọ́tò àtijọ́ tí kò ní àwọ̀ ló ń tẹ̀ sì lè wo ìhà kejì. Orí pépà tí òun fúnra rẹ̀ ń lò ni yóò ti mọ èyí tó bá òun mu, ìwé ìpolówó kò lè sọ ọ́ fún un.

Nígbà tí ojú ewé náà jáde, a kò sọ nǹkan kan nípa àwọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Yíǹkì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí pépà ṣì ń yí padà bó ṣe ń gbẹ, ẹni tó bá ń kánjú dájọ́ yóò dá a sódì. Lọ́jọ́ kejì ni a gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Lábẹ́ gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ dára. Nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá àgbàlagbà náà ní àwọ̀ ewé díẹ̀ ní ìhà tó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, mẹ́ta péré sì ni a rí nínú ìlà àbàjà mẹ́rin tó wà níbẹ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ ti wọnú òjìji. A wo ọ̀pá àwọ̀ eérú, a sì rí i pé ìpele tó gbẹ̀yìn kí ó tó kan dúdú ti pa pọ̀ mọ́ dúdú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì bára wọn mu. Ọkùnrin tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùtajà kò jiyàn, mo sì yìn ín fún un. Ó tẹ àpótí àwọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún sórí pépà náà gan-an, ó jẹ́ kó gbẹ, ó fi ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀ wọ̀n ọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe profile tuntun láti inú rẹ̀. Nígbà tí a tún un tẹ̀, ìlà kẹrin yọ, àwọ̀ ewé lọ, òjìji abẹ́ fìlà bàbá náà sì jẹ́ kí a rí ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni, pépà kan náà ni. Bí kì í bá ṣe ìyá yẹn àti ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí a ṣe bá ẹ̀rọ náà ni à bá ṣe gbé e relé.

Fọ́tò dúdú-àti-funfun náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn nínú ìdánwò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa láti 1968, tí wọ́n sì pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Venice ní 2013, ọdún kan kó tó dolóògbé, yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Irun dúdú tí wọ́n fi òwú dúdú dì, tó dúró níwájú ògiri fífẹ́ẹ́rẹ́: òwú gbọ́dọ̀ hàn lára irun, irun gbọ́dọ̀ hàn lára awọ orí. Bí àwọ̀ eérú ẹ̀rọ kan bá ń yí sí pupa níbi ìmọ́lẹ̀ tó sì ń yí sí àwọ̀ ewé níbi òkùnkùn, irú fọ́tò yìí ni yóò fi hàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò aláwọ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ní ti iṣẹ́ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Canon tí mo dárúkọ ní ihò 18,432 ní orí rẹ̀ tí yíǹkì ń gbà jáde, ihò tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, ó sì yẹ kí a tẹ ìlà àyẹ̀wò ihò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí ìdánwò, kí a gbé méjèèjì síra wọn. Kí a tẹ àwọ̀ eérú kan ṣoṣo láti etí òsì dé etí ọ̀tún, kí a gé e sí wẹ́wẹ́, kí a sì kó òsì, àárín àti ọ̀tún jọ, torí pé ojú kò lè fi ohun tó jìn síra wéra. Kí a tẹ ìlà tó gùn ní mítà méjì, kí a sì fi tépù wọ̀n ọ́n. Bí ó bá fi mílímítà mẹ́ta dín, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ lára fọ́tò kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ní kí a tẹ àwòrán kan ní ọ̀nà mẹ́ta kí a fi bo ògiri gbọ̀ngàn, ẹnu wọn kò ní kò. Kánfáàsì ni kí a fi ṣe èyí, kì í ṣe pépà nìkan, nítorí pé ó wúwo jù, ó sì máa ń fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá ti ń gùn.

Ìdánwò tí n kò rí nínú ìwé àlàyé kankan ni ti iná. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí pépà. Bó bá parí, yóò padà sí ààyè rẹ̀, níbi tí ohun kan ti ń bo àwọn ihò náà kí yíǹkì má bàa gbẹ. Bí wọ́n bá mú iná nígbà tí orí ẹ̀rọ wà láàrin ọ̀nà, kò ní lè padà. Fọ́tò tó wà lórí pépà bàjẹ́ nìyẹn, yíǹkì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nínú ihò, títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn. Iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ bó ti ń tẹ̀ kò tó ti áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ, nítorí náà UPS tàbí inverter tó dára lè gbé e. Kí a tan ẹ̀rọ sórí rẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ àwòrán tó gùn jù lọ tí a ní ní ìpele tó dára jù, kí a wá yọ wáyà UPS náà kúrò lára ògiri, kí a sì dúró wò ó bóyá yóò gbé àwòrán náà dé òpin. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, iṣẹ́ oníbàárà ni yóò fi ṣe é. Ojú ọjọ́ náà ń kọ́? Nígbà òjò, pépà ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ojú rẹ̀ ń rí jágajàga, yíǹkì ń pẹ́ kó tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, yíǹkì ń gbẹ níbi tí a kò fẹ́, etí pépà sì ń ká sókè tó fi ń gbá orí ẹ̀rọ. Yàrá àwọn olùtajà tó tutù nini kò lè fi èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí hàn wá. Bí ó bá ṣeé ṣe, ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ yóò wà ni kí a ti ṣe ìdánwò ìkẹyìn, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn.

Ohun mìíràn ni fọ́tò tí àwọn èèyàn ń gbé wá gan-an. Kámẹ́rà oní-mílíọ̀nù píkísẹ́lì 24, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ń fún wa ní àwòrán píkísẹ́lì 6000 lọ́nà 4000. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ kún pépà tó fẹ̀ ní íǹṣì 60, yóò gùn ní íǹṣì 90, píkísẹ́lì bíi 67 ni yóò sì wà nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ 300 ni a máa ń béèrè fún ìwé tí a ń kà lọ́wọ́. Ó ṣì lè dára bí èèyàn bá dúró jìnnà díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ sábà máa ń kéré gan-an, bíi 1600 ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù bàbá tó ti dolóògbé, tó ga ní mílímítà 45, bí a bá tilẹ̀ skáànù rẹ̀ ní 1200 fún íǹṣì kan, kò ní fún wa ju píkísẹ́lì bíi 2100 ní gíga lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò ní fọ́tò mìíràn ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, kí ó wà lára ohun tí a óò fi dán ẹ̀rọ wò, kí a lè mọ bí sọ́fítíwíà rẹ̀ ṣe ń fẹ àwòrán kékeré, àti ìwọ̀n tí a lè fi ọkàn tó mọ́ ṣèlérí fún ọmọ olóògbé.

Àwọn alábàáṣiṣẹ́ mi kan ń sọ pé yíǹkì àti pépà ni irú ìdánwò yìí ń fi ṣòfò, pé oníbàárà kò ráhùn. Oníbàárà kò ráhùn sí wa létí ni. Ó gbé fọ́tò náà kọ́ sílé, àbúrò ìyá rẹ̀ wọlé, ó ní "Ta nìyí?", kò sì padà wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan péré nínú pépà ni a nílò láti tẹ ibi tó ṣókùnkùn jù lójú ẹni inú fọ́tò kí a tó tẹ odindi rẹ̀. Mo rọ gbogbo òǹkàwé yín pé bí ẹ bá gbé fọ́tò lọ fún títẹ̀, kí ẹ béèrè fún pépà kékeré yẹn, kí ẹ gbé e jáde síta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ sì wo ojú ẹni yín nínú rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìbéèrè mi lọ́dọ̀ ẹ̀yin olóòtú nìyí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwé ìròyìn yín ní ayàwòrán, ẹ sì ní àkójọ fọ́tò àwọn èèyàn wa ní oríṣiríṣi awọ, aṣọ àti ìmọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àwọn ẹgbẹ́ ayàwòrán àti àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìtẹ̀wé ní Yabatech, kí ẹ jọ ṣe àwòrán ìdánwò kan tí yóò jẹ́ ti gbogbo wa: ojú àgbà tó kọlà, ojú ọmọdé, awọ pupa àti awọ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹtù, sányán, àlàárì, léèsì funfun, adìrẹ, irun dídì, àti ọ̀pá àwọ̀ eérú. Kí àwọn tó bá wà nínú rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ wọn. Kí fáìlì náà jẹ́ odindi, èyí tí a kò fún pọ̀, kí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹni tó wà ní Ìlọrin, ní Àkúrẹ́, ní Kútọnu tàbí ní Peckham lè gbé e dání lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ. Kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà kan rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú àlàyé ohun tó yẹ kí ojú wá níbẹ̀.

Bí ẹ bá gbà, mo ti bá ọ̀gá oní-sítúdíò yẹn sọ̀rọ̀, ó sì ní òun yóò jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ òun lọ́fẹ̀ẹ́, lórí pépà dídán, pépà tí kò dán àti kánfáàsì, kí ẹ lè rí ibi tó yẹ kí a tún un ṣe kí ẹ tó gbé e síta.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹ̀fọ́tò kan ní Ṣómólú, Èkó